Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín: Bí Ilẹ̀ Tí Igbó Ti Gbà Ṣe Lè Di Pápá Ìjẹko

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìtòsí Ìsẹ́yìn ni ilẹ̀ bàbá mi wà, ó sì tó nǹkan bí éékà 12. Tábà àti àgbàdo ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀ nígbà ayé wọn, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti papò dà, kò sí ẹni tó fi ọkọ́ kàn án mọ́. Ewé Akíntọ́lá ti bo apá tó pọ̀ jù, èkan ló sì gba apá òkè tí ilẹ̀ ti ní òkúta wẹ́wẹ́. Mo fẹ́ sin màálù 10 àti àgùntàn díẹ̀ síbẹ̀, láìjẹ́ pé mo ń dà wọ́n kiri oko olóko. Àwọn kan ní kí n fi katakata tú gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí n sì fọ́n irúgbìn koríko sí i. Àwọn mìíràn ní oògùn apakoríko nìkan ti tó. Èwo ni kí n tẹ̀ lé? — Òǹkàwé yín, Ìsẹ́yìn.

Ìdáhùn: A dúpẹ́ fún lẹ́tà yín. Kò sí èyí tó burú tán nínú ohun tí wọ́n sọ fún yín, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn méjèèjì ló gbójú fo ohun kan náà. Pípa ewéko kọ́ ló ṣòro lórí ilẹ̀ tó ti di igbó. Ohun tí yóò gba ipò rẹ̀ kí òmíràn tó hù ni iṣẹ́ wà lórí rẹ̀. Bí ẹ bá ṣán ilẹ̀ náà ní oṣù Kẹta tí ẹ kò sì fi nǹkan kan bò ó, kí oṣù Karùn-ún tó parí, ohun tí ẹ ṣán gan-an ni yóò tún bò ó. Ẹ jẹ́ ká mú apá méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ohun tó gbé ewé Akíntọ́lá wá síbi kan kọ́ ló gbé èkan wá síbi kejì.

Ewé Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀, kì í ṣe ewé ilẹ̀ wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Amẹ́ríkà ló ti wá, àwọn onímọ̀ sì gbà pé inú irúgbìn igi mẹ̀línà tí wọ́n kó wá láti Sri Lanka ní nǹkan bí ọdún 1937 ló bá wọ Nàìjíríà. Irúgbìn rẹ̀ fúyẹ́, ó ní irun lórí, afẹ́fẹ́ ìgbà ọyẹ́ ló sì máa ń gbé e kiri láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì. Àgbẹ̀ tó ń gbin iṣu àti àgbàdo kì í fi bẹ́ẹ̀ kórìíra rẹ̀, ó sì ní ìdí, torí pé ewé rẹ̀ tó ń já bọ́ máa ń sọ ilẹ̀ dọ̀tun, òjìji rẹ̀ sì máa ń lé èkan kúrò níbi tó bá ti fìdí múlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́ran ló yàtọ̀. Màálù kì í fẹ́ ẹ jẹ; èyí tí ebi bá sì mú jẹ ewé rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lè kàgbákò, nítorí pé èròjà nitrate máa ń pọ̀ nínú ewé tuntun náà débi tó fi lè pa ẹran. Nítorí náà, ibikíbi tí ẹran bá ti ń jẹko láìsí ìdarí, koríko tó dára ni wọn yóò máa jẹ títí tí yóò fi tán, ewé Akíntọ́lá ni yóò sì jogún ibẹ̀. Tata tún fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, inú rẹ̀ ni wọ́n sì ti máa ń ya wọ oko ẹ̀gẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí èyí bà yín lọ́kàn jẹ́, nítorí pé apá tí ewé Akíntọ́lá bò yẹn ni ilẹ̀ yín tó ṣì lọ́ràá jù. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ kì í wọlẹ̀ jìn, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ le, bí ẹ bá sì fi àdá gé e lásán, èhù bíi mélòó kan ni yóò yọ láti ìdí kan ṣoṣo. Ẹ ṣán an nígbà tí òjò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ kó tún hù tó orúnkún, kí ẹ wá fi ọkọ́ hú ìdí rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ti rọ̀ dáadáa. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ rí i pé ẹ gé e kí oṣù Kọkànlá tó wọlé, nítorí pé ìgbà náà ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í tanná. Ọdún tí ẹ bá fi jẹ́ kó so lórí ilẹ̀ yín, ẹ ti gbin ti ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn. Ti aládùúgbò tí kò bá ṣán tirẹ̀ kò ní yé fẹ́ wọlé, ẹ ò sì lè dá afẹ́fẹ́ dúró; koríko tó bá ti dí mọ́lẹ̀ nìkan ló lè kọ̀ fún irúgbìn náà láti rí oòrùn.

Èkan ní tirẹ̀, abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbé. Ohun tí a ń rí lókè kò tó nǹkan. Igi rẹ̀ funfun tó mú ṣóṣóró, tó ń rìn káàkiri nínú ilẹ̀, ni èkan gan-an. Ibi tí iná bá ti ń jó léraléra tí ilẹ̀ sì ti ṣá ló fẹ́ràn. Ìdí nìyí tí ìmọ̀ràn katakata fi ń kọ mí lóminú. Bí wọ́n bá fi katakata tú èkan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú òjò, ńṣe ni wọ́n gé igi rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ìkọ̀ọ̀kan èyí tó bá sì ní ojú yóò hù. Àfi tí wọ́n bá tú u nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí wọ́n tún tú u lẹ́ẹ̀kejì nínú ẹ̀ẹ̀rùn kí oòrùn lè gbẹ igi abẹ́ ilẹ̀ náà, ni ó fi lè wúlò, ìnáwó ìyẹn kò sì kéré. Ilẹ̀ olókùúta wẹ́wẹ́ bíi ti yín kò tún ní ilẹ̀ dúdú púpọ̀ lókè; bí katakata bá yí i dé, òjò ńlá kan lè gbé ìwọ̀nba tó wà níbẹ̀ lọ.

Ní ti oògùn apakoríko, èyí tó ní glyphosate nínú lè pa èkan dé abẹ́ ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ìgbà. Ẹ kọ́kọ́ ṣán èkan náà, ẹ jẹ́ kó hù padà dé bí ìgbọ̀nwọ́ kan, kí ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, kí ẹ tó fín in. Ewé gbígbẹ kì í gbé oògùn lọ sí gbòǹgbò. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, bàtà òjò àti ìbòmú, ẹ má ṣe fín in nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí ó dé odò tí ẹran yóò ti mu omi. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé paraquat wá fún yín nítorí pé ó yára mú ewé gbẹ, ẹ dá a padà. Orí ewé nìkan ló ń jó, ìwọ̀nba díẹ̀ lára rẹ̀ sì lè pa ènìyàn. NAFDAC ti fòfin dè é láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024.

Ọ̀nà kan wà tí kò béèrè oògùn, èmi fúnra mi sì fẹ́ràn rẹ̀ ju oògùn lọ fún àgbẹ̀ tó bá lè ní sùúrù ọdún kan. Ní gúúsù orílẹ̀-èdè Benin, láti ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn àgbẹ̀ tí èkan ti gba ilẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbin múkúnà sí i. Ìbátan wèrèpè ni múkúnà, ṣùgbọ́n ẹ̀yà tí kì í yún ara ni. Ẹ ṣán èkan mọ́lẹ̀, ẹ gbin àgbàdo ní àkọ́rọ̀ òjò, nígbà tí àgbàdo bá sì ti lé ní oṣù kan, ẹ gbin múkúnà sáàárín rẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ máa gé èkan tó bá tún yọrí títí ọwọ́ múkúnà yóò fi ká ilẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kórè àgbàdo, yóò bo gbogbo ibẹ̀ mọ́lẹ̀ biribiri, èkan tí kò rí oòrùn yóò sì máa rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, múkúnà fúnra rẹ̀ yóò kú, yóò di ìtẹ́lẹ̀ tó nípọn tí ẹ lè gbin koríko sí lábẹ́ òjò tó ń bọ̀. Yóò tún ti fi èròjà nitrogen sínú ilẹ̀ tó ti ṣá. Àmọ́ kí àwọn ará ilé má ṣe sè é bí ẹ̀wà, nítorí pé èròjà kan wà nínú rẹ̀ tó lè da orí àti inú ènìyàn rú.

Ẹ kò ní láti jókòó láìrí nǹkan kan mú bọ̀ ní ọdún àkọ́kọ́. Àgbàdo tí ẹ bá gbìn sí apá méjèèjì lè dá lára owó ìṣánko padà. Ní apá ewé Akíntọ́lá, ẹ lè fi koríko sábẹ́ àgbàdo náà lẹ́yìn ìroko kejì, kí àgbàdo lè ti lágbára kí koríko tó bá a du omi, kí koríko sì ti bo ilẹ̀ kí ẹ tó ṣẹ́ àgbàdo tán.

Nípa irú koríko, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà yín ní ẹyọ kan fún gbogbo ilẹ̀. Apá tó lọ́ràá ni kí ẹ gbin koríko gíní sí, èyí tí wọ́n ń ta irúgbìn rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ Panicum. Òun ni màálù àti àgùntàn ń jẹ bí ẹni jẹ àkàrà, ó sì lè fara da òjìji igi. Apá òkè olókùúta yẹn, eruwà ló bá a mu. Gbòǹgbò rẹ̀ jìn, ó ń fara da ọ̀dá, ilẹ̀ Òkè-Ògùn sì mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ní òṣìṣẹ́, ìdí koríko ni kí ó gbìn dípò irúgbìn. Ẹ wú ìdí koríko gíní tó ti dàgbà lẹ́bàá ọ̀nà tàbí lóko ẹni tó ní in, ẹ gé ewé rẹ̀ kù sí bí ìbú ọwọ́ kan, ẹ fà á ya sí ẹyọ mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹ sì rì í mọ́lẹ̀ nínú oṣù Kẹfà. Bí ẹ bá fi mítà kan sáàárín poro, tí ẹ sì fi ìdajì mítà sáàárín ìdí kan sí èkejì, éékà kan yóò gba nǹkan bí ìdí 8,000. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n koríko tí a fi ìdí gbìn máa ń tètè bo ilẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí ewé Akíntọ́lá ráàyè.

Ẹ fọ́n stylo sáàárín koríko náà. Ìdílé ẹ̀wà ni stylo, ó máa ń fún ilẹ̀ ní nitrogen, ó sì ń mú kí oúnjẹ ẹran lágbára nígbà tí koríko bá ti gbẹ tó sì ti le bí igi ìgbálẹ̀. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ nípa ẹran ọ̀sìn tó ń ṣiṣẹ́ ní agbègbè Kàdúná fi stylo ṣe ọgbà àfipamọ́ fún àwọn Fúlàní, pé kí wọ́n dá a sí títí di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Fún odi ọgbà, ẹ gé ẹ̀ka agunmánìyè, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ ní etí ilẹ̀ nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Yóò hù, yóò gbé wáyà ẹlẹ́gùn-ún dúró, àgùntàn yóò sì tún jẹ ewé rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni ìkánjú. Ẹ má ṣe kó ẹran wọ ibẹ̀ ní ọdún tí ẹ gbin koríko, pàápàá jù lọ kí ó tó so. Ẹran tó bá fa koríko kékeré ya, tìdítìdí ni yóò wú u. Ẹ jẹ́ kó so kí irúgbìn rẹ̀ já bọ́ sílẹ̀, kí ẹ wá gé èyí tó gbẹ fún àgùntàn jẹ lórí ìdúró. Láti ọdún kejì, ẹ pín ilẹ̀ náà sí ọ̀nà mẹ́fà tàbí mẹ́jọ. Kí màálù wọ ọ̀kan nígbà tí koríko bá dé itan, kí wọ́n jáde kúrò níbẹ̀ kí ó tó kéré sí bí ìwọ̀n ẹsẹ̀ ènìyàn, kí ẹ sì fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà láti sinmi nínú òjò.

Ní ti màálù 10, ẹ gbà mí láyè kí n bá yín ṣírò rẹ̀. Màálù tó bá wúwo tó kílò 250 ń jẹ nǹkan bí kílò 6 sí 7 koríko gbígbẹ lójúmọ́, èyí tó tó kílò 25 tàbí 30 koríko tútù. Éékà 12 tí ẹ bá tọ́jú dáadáa lè bọ́ wọn nígbà òjò. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wàhálà wà: láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta, màálù 10 yóò jẹ tó tọ́ọ̀nù 9 koríko gbígbẹ, ilẹ̀ náà kò sì ní máa hù mọ́ nígbà náà. Àfi kí ẹ ti gé, kí ẹ ti sá, kí ẹ sì ti kó pamọ́ láti oṣù Kẹsàn-án. Èrò tèmi ni pé kí ẹ fi màálù márùn-ún bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tún éékà mẹ́ta péré ṣe ní ọdún àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ṣí éékà 12 lẹ́ẹ̀kan náà, tí owó òṣìṣẹ́ sì tán lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, igbó titun ló gbìn.

Ìbéèrè: Ní Eruwa níbí, iná ni a fi ń tún ilẹ̀ ṣe láti ayébáyé. Àwọn darandaran náà máa ń finá sí pápá kí koríko tútù lè hù. Ṣé òótọ́ ni pé iná kò dára? — Àgbẹ̀ kan, Ìbàràpá.

Ìdáhùn: Kò sí bí a ṣe lè ní iná kò wúlò rárá lórí ilẹ̀ ọ̀dàn. Iná ló ń dá àwọn igi kéékèèké dúró kí wọ́n má baà gba pápá, eruwà sì ti mọ iná láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ṣùgbọ́n iná orí pápá tó ti dúró yàtọ̀ sí iná orí ilẹ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbà padà. Bí ẹ bá finá sí èkan, ewé òkè rẹ̀ nìkan ló jó; igi abẹ́ ilẹ̀ kò gbọ́ pé iná jó, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni yóò hù, tí yóò sì tanná funfun tí afẹ́fẹ́ yóò gbé lọ sí oko ẹlòmíràn. Ewé Akíntọ́lá gbígbẹ ní tirẹ̀ máa ń jó lala, iná rẹ̀ a máa fò, ìdí rẹ̀ sì tún ń sọ èhù bí òjò bá ti rọ̀. Nítorí náà, fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ dáwọ́ iná dúró pátápátá lórí ilẹ̀ náà, kí ẹ sì ro etí rẹ̀ mọ́ yíká, ó kéré tán ní ìbú mítà márùn-ún, kí oṣù Kejìlá tó dé, kí iná ẹlòmíràn má baà wọlé. Lẹ́yìn tí koríko bá ti dúró, ẹ lè sun apá kan lára rẹ̀ lọ́dún mélòó kan síra, kí ó sì jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn tí ilẹ̀ ṣì ní ọ̀rinrin díẹ̀. Iná oṣù Kẹta, nígbà tí ohun gbogbo ti gbẹ pátápátá, ló ń ba ilẹ̀ jẹ́ jù.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kí a gba àwọn darandaran láyè kí wọ́n máa da màálù wọ ilẹ̀ wa tó ti di igbó, pé ẹsẹ̀ ẹran yóò tẹ igbó náà pa, ìgbẹ́ wọn yóò sì di ajílẹ̀. Ṣé ìyẹn lè ṣiṣẹ́? — Obìnrin àgbẹ̀, Kíṣí.

Ìdáhùn: Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n yín, ìdajì ọ̀rọ̀ wọn ló tọ̀nà. Ní òkè ọya, ó ti pẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ àti Fúlàní ti ń bára wọn ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, tí màálù yóò máa sùn lórí oko lẹ́yìn ìkórè, tí ìgbẹ́ wọn yóò sì sọ ilẹ̀ dọ̀tun. Orí oko tí a ti kórè ni ìyẹn, níbi tí igi àgbàdo àti pòròpórò ti wà fún wọn láti jẹ. Lórí ilẹ̀ tí igbó ti gbà, màálù yóò wá koríko dáradára tó kù díẹ̀ rí, wọn yóò jẹ ẹ́ tán, wọn yóò sì fi èyí tí wọn kò jẹ sílẹ̀ kó máa gbilẹ̀. Bí ẹ̀wọ̀n adẹ́lé bá wà nínú igbó náà, ẹ ṣọ́ra gidigidi, nítorí pé ewé rẹ̀ lóró fún màálù àti àgùntàn. Ó máa ń ba ẹ̀dọ̀ wọn jẹ́, awọ ara wọn á sì máa bó nínú oòrùn.

Ohun tó lè ṣiṣẹ́ ni pé kí ẹ kọ́kọ́ ṣán an, kí ẹ sọ ọgbà sí ìwọ̀nba ibi kékeré kan, kí màálù sì máa sùn síbẹ̀ ní alẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kí ẹ tó ṣí ọgbà náà lọ sí ibòmíràn. Kí ẹ tó dá a láṣà, ẹ wádìí ohun tí òfin ìpínlẹ̀ yín sọ. Láti ìgbà tí àwọn gómìnà gúúsù ti fẹnu kò ní Asaba ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021 pé àwọn kò fẹ́ dídà ẹran kiri ní gbangba mọ́, ìpínlẹ̀ púpọ̀ ti ṣòfin lórí rẹ̀. Ẹ kọ àdéhùn náà sílẹ̀, kí baálẹ̀ àti olórí àwọn darandaran fọwọ́ sí i, kí ó sì hàn nínú rẹ̀ iye màálù tí yóò wọlé, ọjọ́ tí wọn yóò jáde, àti ẹni tí yóò san owó bí ẹran bá wọ oko aládùúgbò.

Ìbéèrè: Mo ra irúgbìn koríko gíní, mo fọ́n ọn, kò hù. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi? — Òǹkàwé, Ọ̀yọ́.

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tíì dá olùtajà lẹ́bi. Irúgbìn koríko gíní tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kì í fẹ́ hù. Ó nílò oṣù mélòó kan ní ibi gbígbẹ kó tó ta jí. Ìdí mìíràn ni pé àwọn ènìyàn ń rì í mọ́lẹ̀ bí àgbàdo, bẹ́ẹ̀ sì ni kò yẹ kó jìn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Ẹ fọ́n ọn sórí ilẹ̀ tí ẹ ti ha, kí ẹ fi ẹ̀ka igi wọ́ orí rẹ̀, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Nígbà mìíràn, kí ẹ tó sanwó fún àpò kan, ẹ bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ ka 100 nínú rẹ̀ sórí aṣọ tútù, kí ẹ jẹ́ kí ọ̀rinrin wà lára aṣọ náà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí 30 bá hù, kò burú fún irú koríko yìí, kílò méjì sí mẹ́ta sì lè tó éékà kan. Bí kò bá tó 10, ẹ lọ wá ìdí koríko gbìn.